Ohùn Ìyàwó Mi àti Ìparí Ìlà

Kí àwọn dókítà tó yọ àpótí ohùn kúrò lọ́fun ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa ní kí a kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òun nìkan ni a bí. Abuja ni ó ń gbé, ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ jẹun. Ó wá sílé ní Jos ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, ó gbé makirofóònù kékeré kan ka orí tábìlì ìjẹun, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ sọ gbogbo ohun tí ó bá rò pé òun yóò máa fẹ́ sọ.

Ìyàwó mi wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jáde.

"Ṣé gbogbo ohun tí mo máa ń sọ fún bàbá rẹ ni nǹkan kékeré yìí máa gbà?"

"Mọ́mì, èyí tó bá ṣe pàtàkì ni kí ẹ sọ."

"Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Bàbá rẹ kì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n lé mi jáde lẹ́yìn náà. Wọ́n ní bí mo bá wà níbẹ̀, n kò ní yé tún ọ̀rọ̀ ṣe. Mo lọ dúró sẹ́yìn ilé nídìí ọ̀dùnkún tí a gbìn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ojú fèrèsé. Olùkọ́ ni èmi, láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé mi wá sí Plateau nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ ni ìyàwó mi náà. Iṣẹ́ táìpù ni ó fi kọ́ni, nígbà tí táípúráítà onírin ṣì wà lórí tábìlì ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò, tí ariwo kíláàsì rẹ̀ dà bí òjò lórí páànù.

Nígbà tí wọ́n gba ohùn tán, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló tẹ àwọn gbólóhùn náà sínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún gbólóhùn kan, láti ìgbà tí a bá jí ní òwúrọ̀ títí di ìgbà tí a ń lọ sùn. "Ẹ káàárọ̀" ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Ẹ fún mi lómi", "Ó ń dùn mí", "Ẹ fi ìbora bò mí", àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. "Ó dàárọ̀" ló fi parí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́, kò wo ìka rẹ̀ rárá. Nígbà tí ó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òfin kíláàsì rẹ̀ ni: ìwé tó bá ti parí, yíyọ ló kù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ti ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà mọ́, nítorí ta ni ó fẹ́ kọ ìlà tó ń bọ̀ fún?

Ọmọ mi ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ fún mi, mo sì ní kí ó tún un ṣàlàyé títí ó fi yé mi. Ètò tí òun kọ kì í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń rán àwọn ètò mìíràn níṣẹ́ ni. Bí ìyá rẹ̀ bá tẹ nọ́ńbà ìlà kan, yóò rán ètò kan kí ó lọ mú ìlà yẹn wá láti inú fáìlì. Ohun tí ó bá mú wá ni yóò fi lé èkejì lọ́wọ́, pé kí ó wá ohùn tí a fi orúkọ yìí pamọ́, kí ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ọ. Mo ní ó yé mi: bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni, kì í kúrò lórí àga, rírán ni ó ń rán àwọn tíṣà. Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ ti gbà á."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohùn yẹn ló ń jí mi. Yóò na ìka rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà lẹ́bàá ibùsùn, yóò tẹ̀ ẹ́, "Ẹ káàárọ̀" yóò sì jáde ní ohùn tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí a ti ń fẹ́ra. Mo máa ń dáhùn bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Kò pẹ́ tí mo fi gbàgbé pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀.

Àìsàn náà padà dé. Dókítà fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé, kí a máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe. Ọwọ́ ìyàwó mi kò lè mú bírò mọ́. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ọ̀nà tí ó fi ń bá mi sọ̀rọ̀, àkókò tó kù fún un láti sọ̀rọ̀ kò sì pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iná dé lójijì pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó jó gílóòbù méjì, ó sì jó kọ̀ǹpútà.

Ọmọ mi wọ mọ́tò wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá fún ìyá rẹ̀. Kì í ṣe irú tí a ń lò tẹ́lẹ̀, tí ó wà ní gbogbo ọ́fíìsì. Irú èyí tí àwọn tó ń kọ ètò fẹ́ràn ni. Fáìlì náà àti àwọn ohùn wà nínú fìláàṣì, wọn kò bá kọ̀ǹpútà yẹn jóná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó tún ètò náà kọ kí ó lè bá kọ̀ǹpútà tuntun mu. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, awakọ̀ ti ń pè é lórí fóònù pé ẹnìkan ṣoṣo ló kù kí mọ́tò kún. Ó ní kí òun dán an wò kí òun tó lọ. Nítorí pé ó ń lọ, ìlà tó kẹ́yìn ni ó tẹ̀.

"Ó dàárọ̀," ni kọ̀ǹpútà náà wí, ní ohùn ìyá rẹ̀.

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi gbá a mọ́ra, ó sáré jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyàwó mi na ìka, ó tẹ nọ́ńbà kìn-ín-ní. Kò sí ohun tó dún. Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ ti omi. Ó tẹ ti ìbora. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni ó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà, gbólóhùn tí kò ní orí: àmì ìdánudúró ló fi bẹ̀rẹ̀, tí ìyókù wá tẹ̀lé e. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ irú rẹ̀, n óò fagi lé e.

Mo bá a tẹ gbogbo ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló dún. "Ó dàárọ̀," ní òwúrọ̀ kùtù, oòrùn ń wọlé. Ìyàwó mi fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ní ilẹ̀ wa, a kì í sọ ọ́ fún ẹni tó jí. Alẹ́ ni a ń sọ ọ́, a sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó kú pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo gbé fìtílà sílẹ̀, ó wá tẹ̀ ẹ́, mo sì dáhùn. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ fún mi ní odindi ọjọ́ náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú.

Mo pe ọmọ mi.

"Dádì, ẹ ka ohun tó wà lójú rẹ̀ fún mi."

Mo kà á.

"Ó ní òun ò rí fáìlì yẹn ni. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ohùn àti ohun tí Mọ́mì tẹ̀ bá ara wọn mu."

"Wọ́n bára mu. Àbí torí pé ìyá rẹ kò fi àmì ohùn sí i lórí ni? Mo sọ fún un nígbà yẹn."

"Haba, Dádì! Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín."

"Ìlà tó kẹ́yìn ń dún. Kí ló dé tí tirẹ̀ fi yàtọ̀?"

Ó ní òun ń lọ sí ìpàdé, òun yóò tún un wò bí òun bá jáde. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ìyàwó mi ń wo gbólóhùn tí kò ní orí yẹn. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, ó tì í láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ó wojú mi. Ó tún un ṣe, láti òsì lọ sí ọ̀tún, bí ẹni ń ti nǹkan kúrò níwájú rẹ̀. Mo bi í bóyá kí n gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò. Ó mi orí, mo kà á sí bẹ́ẹ̀ ni, ó tún tì í. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, pé kò fẹ́ rí nǹkan náà mọ́. Mo gbé e kúrò. Omi dà lójú rẹ̀, mo sì rò pé torí àìsàn ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí obìnrin aládùúgbò wa jókòó tì í, mo mú fìláàṣì, mo wọ kéke lọ sí Terminus láàrin ìlú. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì àti táìpù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí i sí, Hausa sì ti jókòó sínú Yorùbá rẹ̀.

"Bàbá Tíṣà, sannu da zuwa! Màmá ń kọ́?"

"Wọ́n wà."

"To, Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn. Kí la fẹ́ tẹ̀?"

Mo ní kí ó ṣí fáìlì náà fún mi, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn ohùn náà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo yọ bírò pupa, mo sì ń fi wọ́n wé ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ojú tí mo fi ń wo àpèkọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi wò ó. Mo rí lẹ́tà, n kò rí ọ̀rọ̀. Èyí tó bá tọ́, mo fa ìlà kékeré sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, wọ́n ò ti sọ fún yín pé ẹ ti fẹ̀yìn tì ni? Ta lẹ tún ń máàkì fún?"

"Ìyá rẹ ni."

"Màmá ni? Mélòó ni wọ́n gbà?"

"Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà."

"Kai! Ẹ fún wọn ní ẹ̀bùn, ká sinmi."

Òótọ́ ni, gbogbo rẹ̀ tọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ojú mi rí. Mo dìde lọ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo rí i pé gbogbo ìlà ni a ti tẹ Ẹ́ńtà sí nídìí, àfi ìkẹyìn. Igi kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà dúró sí ẹ̀yìn "Ó dàárọ̀", kò sọ̀ kalẹ̀. N kò fẹ́ràn ohun tí a kò parí. Mo ní bóyá èyí ló ń da ìyókù rú, nítorí kò bá wọn dọ́gba. Mo tẹ Ẹ́ńtà fún un, mo fi pamọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo sì padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú díẹ̀.

Mo fi fáìlì tí mo tún ṣe sínú kọ̀ǹpútà. Ti òwúrọ̀ kò dún. Ti omi kò dún. Nígbà tí a fẹ́ sùn, ìyàwó mi na ìka rẹ̀ sí ìlà tó kẹ́yìn, èyí tí kò já wa kulẹ̀ rí. Kò dún. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí ó mọ̀ pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri. Mo sọ ọ́ fún un ní ohùn tèmi.

Ilẹ̀ mọ́, mo pe ọmọ mi, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ṣe fún un.

"Dádì, ẹ tún un sọ. Ẹ tẹ Ẹ́ńtà sí ẹ̀yìn èyí tó ń dún, òun náà wá dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Má bínú sí mi."

"Kai! Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ ti rí i ni. Ẹ jẹ́ n bi yín: ní kíláàsì Mọ́mì, tí ọmọ bá dé ìparí ìlà lórí táípúráítà, kí ló máa ń ṣe?"

"Yóò ti irin tó wà lápá òsì sí ọ̀tún, kí ẹ̀rọ lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ìwé yóò sì sún sókè."

"Nǹkan méjì nìyẹn, àbí? Ẹ̀rọ padà, ìwé sún. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ṣì ń kọ méjèèjì sílẹ̀ ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Terminus. A ò lè rí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Èyí tí mo gbé wá, ìwé sísún nìkan ló mọ̀. Ó ń yọ ìyẹn kúrò, ó sì ń fi ẹ̀rọ-padà sílẹ̀ bíi pé ó jẹ́ ara ọ̀rọ̀. Tí ètò àkọ́kọ́ bá mú ìlà wá, ó ń mú un wá pẹ̀lú ìrù yẹn. Èkejì wá ń wá ohùn tí orúkọ rẹ̀ ní ìrù, kò sì sí. Mọ́mì ò tẹ nǹkan kan sí ẹ̀yìn ìkẹyìn, òun nìkan ni kò ní ìrù. Èyí tí mo sì dán wò nìyẹn. Dádì, ọ̀kan péré ni mo dán wò."

"Gbólóhùn tí kò ní orí yẹn ń kọ́?"

"Ìrù yẹn náà ni. Ó ń ti ẹ̀rọ padà láìsún ìwé, ọ̀rọ̀ tó kù sì ń gun orí èyí tó ṣáájú, ó ń bò ó mọ́lẹ̀."

Ọwọ́ òsì ìyàwó mi ni mo ń rí, tí ó ń tì í láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ó ti rí i láti ọjọ́ yẹn. Ohun tó kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún gbọọrọ ló rí lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ń sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ohun tó kù fún un láti fi sọ̀rọ̀, mo sì gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò níwájú rẹ̀.

Mo mú fóònù wọ inú yàrá. Mo dúró níbi tí ó ti lè rí mi, mo gbé ọwọ́ òsì, mo tì í sí ọ̀tún. Ó pa ojú dé, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ó ti máa ń ṣe fún ọmọ tó pẹ́ kó tó gbà á.

Ọmọ mi pe ohun tí n óò kọ fún mi lórí fóònù, mo sì tẹ̀ ẹ́ sínú ètò náà: igi òòró kan lẹ́yìn ibi tí a ti ń mú ìlà wá, lẹ́tà méjì t àti r, àlàfo, ìlà kékeré pẹ̀lú d, lẹ́yìn náà igi tó fì sẹ́yìn àti r láàrin àmì àyọlò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò kẹta ni, ó ní, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dúró sáàrin àwọn méjì àkọ́kọ́, kí ó máa gé ìrù kúrò kí ọ̀rọ̀ tó kọjá. Mo tẹ nọ́ńbà kìn-ín-ní. "Ẹ káàárọ̀." Ọmọ mi gbọ́ ọ ní Abuja, ó sì bú sẹ́kún.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sórí ibùsùn, mo fi ìka ìyàwó mi lé e. Ìka náà kò lè tẹ̀ mọ́. Agbára tó fi ń kan bọ́tìnnì ní àná ti lọ. Mo ní kó má dààmú, n óò máa kà wọ́n, kí ó ṣẹ́jú bí mo bá dé èyí tí ó fẹ́ sọ. Mo kà. Omi, kò ṣẹ́jú. Ìbora, kò ṣẹ́jú. Ìrora, mo dúró níbẹ̀ díẹ̀, kò ṣẹ́jú. Mo ń lọ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ìlà kan tí mo ti rí ní Terminus, tí mo ti fi bírò pupa fa ìlà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó tọ́. Ó ṣẹ́jú. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, ó tó. Ẹ wá jókòó tì mí."

Ohùn rẹ̀ há, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ wa lẹ́yìn rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n lé mi jáde.

Mo wo àga tó wà lẹ́bàá ibùsùn. Aṣọ tí mo ká wà lórí rẹ̀, àti wáyà, àti ìwé tí mo máàkì. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò jókòó sórí rẹ̀. Ìdúró ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀, ojú mi wà lára kọ̀ǹpútà, etí mi wà lára fóònù. Mo kó ẹrù náà sílẹ̀, n kò tò ó. Mo jókòó, mo mú ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ mi dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi kúnlẹ̀ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé òun ní láti dán gbogbo rẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí, pé òun kò ní lọ láìdán gbogbo rẹ̀ wò. Ìyá rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi, fi sílẹ̀. Wá síbí." Ó dìde, ó bọ́ bàtà, ó gun ibùsùn lọ sí apá kejì ìyá rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe ní kékeré nígbà ọyẹ́.

Báyìí ni a wà títí di ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìyàwó mi mí, tí kò sì mí mọ́. Iná ti lọ láti òwúrọ̀, bátìrì kọ̀ǹpútà ti tán, ojú rẹ̀ ti ṣú. Kò sí ẹni tó dìde nínú wa láti lọ wá ibi tí a ó ti cháàjì rẹ̀.